Ìkíni Olúgbémi Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Tí wọ́n bá ń wá ẹni tí ẹnu ara rẹ̀ kó bá, kí wọ́n má lọ jìnnà. Olúgbémi tó ń tún fìríìjì ṣe ní Sábóńgàrí, Kánò, ń bẹ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ nawọ́.

Nígbà tí onílé gba ṣọ́ọ̀bù ojú títì lọ́wọ́ rẹ̀, inú kọ̀rọ̀ kan ní àdúgbò Noman's Land ló kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, níbi tí oníbàárà kò lè dé àfi tó bá ṣìnà. Ó bá kọ́ wẹ́bùsáìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń wá ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe lórí Google, orúkọ tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yọ. Bí kò bá yọ, a jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé nìyẹn.

Àmọ́ ọmọ Yorùbá ni. Ta ló ń wọlé wá tí a kì í kí? Ó to ìkíni àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ síbẹ̀. Nítorí pé Kánò la wà, ó fi ti Hausa tẹ̀ lé e: "Ina kwana? Ina gajiya? Yaya iyali?" Lẹ́yìn náà ló ròyìn bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe bá iṣẹ́ rélùwéè wá láti Ọ̀fà. Ó gbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ sí i, ó sì fi orin ìjọ kan sí i tí yóò máa kọ fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti wọlé. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á farabalẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ojú ewé kẹta ló ti bá ara rẹ̀ lórí Google. Seth, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Gwagwarwa, ló wà lókè téńté. Olúgbémi ṣí tiẹ̀: "Fìríìjì bàjẹ́? Pè mí." Nọ́ńbà tẹ̀ lé e, ó tán.

"Kò tilẹ̀ kí èèyàn!" ni Olúgbémi wí. "Ta ló tọ́ eléyìí?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó bẹ ìjọ pé kí wọ́n bá òun ṣí wẹ́bùsáìtì òun kó lè gòkè. Gbogbo wọn ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Orin gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù kálukú ń kọ ẹsẹ̀ tirẹ̀, dátà ń jó, ni wọ́n bá yára pa á dé. Olúgbémi ń tẹríba bí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, ojú ewé kẹta gan-an kò gbà á mọ́. Virtue ọmọ rẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi fèsì, yẹ wẹ́bùsáìtì náà wò.

"Daddy, people dey enter, dey run comot sharp sharp. Google go think say nothing dey inside."

"Kò sí nǹkan kẹ̀? Gbogbo ìdílé wa ló wà níbẹ̀!"

"Na im be the problem."

Ó rán an lọ fọ abọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, ó yọjú sí ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá rí Seth lórí ìkúnlẹ̀ níwájú fìrísà tí ẹran ìkórè wà. Màmá Ruth, olórí àwọn ìyá ìjọ, ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó dun Olúgbémi wọra.

"Màmá, èmi ọmọ ìjọ yín ńkọ́?"

"Ìwọ mà ni mo kọ́kọ́ wá. Fóònù mi tó sọnù ti gbé nọ́ńbà rẹ lọ, mo bá ṣí wẹ́bùsáìtì tí o ní ká máa ṣí. O kí mi, mo dáhùn. O tún kí mi, mo tún dáhùn. Kí rélùwéè bàbá ńlá rẹ tó gbéra l'Ọ́fà, omi ẹran ti ṣàn dé ẹsẹ̀ mi. Mo bá padà sórí Google, mo tẹ èyí tó wà lókè."

Fìrísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Seth dìde, ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Virtue ńkọ́?"

Ìtìjú mú Olúgbémi, ọ̀gá oníkìíni. Ó jáde síta, ó sì pe ọmọ rẹ̀ wá.

"Virtue, ṣé kí n pa bàbá bàbá mi rẹ́ ni?"

Ọmọ náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "No, Daddy. Just carry am go down."

Báyìí ni nọ́ńbà fóònù ṣe gòkè, tí bàbá àgbà onírélùwéè sì lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á ti farabalẹ̀ bá a.