Òùngbẹ Tijésùnimí

Ẹni tó bá ní Ìyá Láolú kò mọ ọmọ tọ́, irọ́ gbuu ló pa. Obìnrin tó bí márùn-ún tí márààrún yè, ní ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ ní Ọ̀yọ́, ta ni yóò kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìtọ́jú ọmọ? Òun ni àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba máa ń pè síwájú lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, pé kó wá fi han àwọn abiyamọ bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà: omi tó ti hó tó sì ti tutù, kó kún ìgò bíà ńlá kan, ṣíbí tíì iyọ̀ kan, kí a fi ìka rẹ́ orí rẹ̀, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá. Ó ti pò ó títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n ju orí rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Láolú, àkọ́bí rẹ̀, ló ní kó wá sí Dublin wá bá àwọn wo ọmọ. Láolú ń to ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú omi, Tiwalọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lucan, Tijésùnimí ọmọ wọn kò tíì pé ọdún kan. Bí àwọn òbí bá ti jáde nílé wọn ní Tyrrelstown, ó ku ìyá àgbà àti ọmọ.

Lọ́jọ́ tí a ń wí yìí, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ọmọ ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Tiwalọpẹ́ fẹ́ dúró tì í, àmọ́ ẹni tí yóò bá a dúró níbi iṣẹ́ kò sí.

"Mọ́mì, oògùn rẹ̀ wà nínú press, kọ́bọ́ọ̀dù òkè yẹn, àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn," ó ní. "Ẹ tú ọ̀kan sínú ìgò ìmumi rẹ̀, kí omi dé ojú ìlà. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un. Bó bá ń bì, ẹ pè mí."

"Máa lọ, ìyàwó mi. Grand ni." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí màmá rí kọ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò nìyẹn, pé kò séwu, ibi gbogbo ló sì ń lò ó sí.

Ó já ọ̀kan nínú sáṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú. Òórùn ọsàn. Ṣé èyí ni wọ́n ń pè ní oògùn? Ó dà á nù, ó wá iyọ̀ àti ṣúgà, ó gbé omi kaná. Ó wá ku ìgò. Ilé ẹni bíi Láolú, tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, níbo ni ìgò bíà yóò gbà wọ ibẹ̀? Ó wá gbogbo kíṣìnì, kò rí i. Ó mú ìgò ìmumi ọmọ, tí kò tó ìdajì ìgò bíà. Ó dín ṣúgà kù, torí kò fẹ́ kí eyín ọmọ bàjẹ́. Iyọ̀ ni kò dín. Ìdí ni pé lọ́kàn rẹ̀, iyọ̀ ni oògùn. Omi kàn ń gbé e lọ ni. Kò tọ́ ọ wò. Ta ní í tọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ wò?

Ọmọ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, màmá rọ̀ ọ́, ó mu ún. Nígbà tó yá, ó ń ké, ó ń na ọwọ́ sí ìgò.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń wá a," màmá ní, inú rẹ̀ dùn. "Mu, ọkọ mi. Á lọ lára ẹ." Ó pò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọmọ bá ṣe ń mu ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ sí i, bí òùngbẹ bá sì ṣe ń gbẹ ẹ́ ni ìyá àgbà ń fún un. Ó pò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà tí Láolú fi máa ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, igbe ọmọ ti yí padà, ó ti tínrín, ó ti le, etí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Kò tíì bọ́ bàtà tán tí gìrì fi mú ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà. Bí áńbúláǹsì ṣe gbé wọn dé ọsibítù, màmá kò lè sọ. Orúkọ Jésù nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Dókítà obìnrin kan yọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó lọ, ó padà wá. Ó ní iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kọjá ohun tí òun lè gbàgbọ́, kí ló mu? Láolú túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Láolú kò fi nǹkan kan pa mọ́, torí kò mọ̀ pé ohun tó yẹ ní fífi pa mọ́ wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń rẹ́ orí ṣíbí.

Tiwalọpẹ́ ti sáré dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Inú ìgò wo, Mọ́mì?"

"Ìgò ìmumi rẹ̀ náà ni."

"Ṣíbí iyọ̀ kan gbáko? Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà."

Tiwalọpẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Láolú ló wá ń ṣàlàyé, bí dókítà ṣe ń sọ ọ́ ló ń tú u. "Màámi, wọ́n ní gbogbo ara wa, ẹran, ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ, àwọn nǹkan kéékèèké kan ló para pọ̀ ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Ojú lásán kò lè rí i. Omi wà nínú rẹ̀, omi wà lóde rẹ̀, iyọ̀ sì níye tí ara fẹ́. Kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ kéré jù. Tí iyọ̀ bá pọ̀ lóde, á máa fa omi inú sẹ́ẹ̀lì jáde. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi iyọ̀ ra ẹja, tí omi á máa ro lára rẹ̀?"

"Mo rántí."

"Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ń súnkì."

"Ṣebí ó ń mu ún. Ó ń sunkún kí n fún òun sí i."

"Òùngbẹ ni, Màámi. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀, ara fúnra rẹ̀ á máa wá omi tó máa fi dọ́gba. Omi lọmọ ń tọrọ."

Kò lè sọ ìyókù. Màmá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nínú ikùn rẹ̀: ọmọ tọrọ omi, mo fún un ní iyọ̀. Ó wù ú kó kú síbẹ̀.

"Kí wọ́n fún un lómi nígbà náà," ó ní. "Kí ni wọ́n ń wò?"

"Wọn ò lè dà á fún un lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń kó nǹkan jọ sínú kí omi tó kù má baà lọ. Bí omi bá ya wọlé báyìí, wọ́n á fà á mu kọjá agbára wọn, ọpọlọ á wú, agbárí ò sì ní àyè. Inú iṣan ni wọ́n máa gbà fún un, díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, torí gìrì."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọmọdé pe Láolú jáde láti bi í ní ìbéèrè. Tiwalọpẹ́ lọ bọ́jú. Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìyá Láolú nìkan ló wá kù pẹ̀lú ọmọ náà, àti ife omi tí ẹnì kan gbé fún màmá láti mu.

Tijésùnimí lajú. Ètè rẹ̀ ti sán, ahọ́n rẹ̀ ń lá a kiri. Ó ké, omijé kò jáde. Omi ò lọ́tàá, ni wọ́n máa ń wí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò jókòó síbi tí Ìyá Láolú jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Níbo ni wọ́n ti bí ìyá àgbà tí yóò gbá omi mú lọ́wọ́, tí òùngbẹ yóò sì máa gbẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀? Ó ní òun ò ní fún un mu. Òun kàn máa fi ìka tutù pa á létè ni, ìyẹn ò lè pa ọmọ. Ó ti ìka bọ omi.

Ó wo ìka náà. Ìka tó fi rẹ́ orí iyọ̀ ni. Láàárọ̀ àná náà, bẹ́ẹ̀ ló dá a lójú pé kò lè pa ọmọ.

Ó dìde, ó da omi náà sínú síǹkì, ó nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀ títí ó fi gbẹ, ó padà wá jókòó, ó fi ìdí tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ àga. Ọmọ ń ké. Ó ké títí ohùn fi há. Màmá kò gbójú kúrò lára rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì gbé ọwọ́ jáde.

Tiwalọpẹ́ wọlé, ó rí ife tó ṣófo. Eré ló sá dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ìka kan ètè ọmọ, ó fi kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ aṣọ ọrùn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó yíjú wo ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ọwọ́ tó jókòó lé, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ó fa àga kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mìíràn kọjá kí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n fẹ́. Dókítà ní ọmọ yóò yè. Ó ní ohun tí ọpọlọ rẹ̀ pàdánù, òun kò lè sọ ọ́ báyìí. Kí wọ́n máa wò ó títí dìgbà tó yẹ kó rìn, títí dìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Tiwalọpẹ́ gbé mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó mu ún. Láolú bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kí Màámi wá kí ọkọ wọn.

Láti ìgbà tí màmá ti dé Dublin, oríkì ló fi ń jí ọmọ náà. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pè é, kò sì ní tíì pè é débì kan tí ọmọ yóò ti yíjú sí i, tí yóò máa ta ẹsẹ̀, tí yóò máa rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àkànbí," ó ní. "Àkànbí ọkọ mi."

Ọmọ ń wo iná tó wà lókè àjà. Kò yíjú.

Láolú dá àdúrà dúró. Màmá fi etí aṣọ bo ẹnu, ó ti ń yí padà lọ sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí ó gbọ́ ohùn Tiwalọpẹ́, ohùn tí kò gbọ́ láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ tún un pè, Mọ́mì."

Ó padà, ó tún un pè.