Tíṣà Tọ́ọ̀nù Lọ Ṣe Ìdánwò

“Tíṣà, ọ̀tún ni mo wí.”

Ọkọ̀ ti yà sósì kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde tán lẹ́nu olùdánwò. Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì kejì, èyí tí wọ́n máa ń ṣe síwájú ẹni tó ń kọ́ni, ọkọ̀ sì dúró gbọnin. Díẹ̀ ló kù kí imú ọkọ̀ já sínú kòtò tí àwọn òṣìṣẹ́ omi gbẹ́ sáàárín títì. Ọ̀kan nínú wọn yọ orí látinú kòtò, ó fi ṣọ́bìrì kí wọn.

“Ta ló gbẹ́ kòtò síbí?” ni Tíṣà béèrè, bí ẹni tí wọ́n wá hú ilẹ̀ yàrá rẹ̀ láìtọrọ àyè.

“Wọ́n fi àmì síbẹ̀, Tíṣà. Ó ga jù mí lọ.”

“Mo rí i.”

Kò rí i. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì bíi dígí tí èèyàn mí sí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní Tíṣà Tọ́ọ̀nù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kò gbọdọ̀ sọ lójú rẹ̀ pé òun fẹ́ yà. “Ewúrẹ́ ló ń yà,” ni yóò wí, “ọkọ̀ máa ń tọ́ọ̀nù ni.” Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo yìí ló fi ń jọba. Nílé, ó ń tọ́ọ̀nù rédíò sílẹ̀, ó ń tọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá tò síwájú balùwẹ̀ láàárọ̀, á kan ilẹ̀kùn kókó pé tọ́ọ̀nù òun ló kàn. Ó tiẹ̀ bi ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan bóyá ó ti tọ́ọ̀nù ọbẹ̀. “Mo ti rò ó pọ̀,” ni ìyàwó dáhùn. “Ọbẹ̀ tiwa ò gbọ́ òyìnbó.”

Láti ìgbà tí ojú ti ń dà á láàmú, ọ̀nà kan náà ló ń mú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbà: ọ̀tún nídìí ilé ìfowópamọ́, òsì nídìí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí. Bí ohun tuntun bá yọjú, á gbé ohùn sókè: “Àmì wo nìyẹn?” Akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé ìdánwò ni, kò mọ̀ pé ìbéèrè ni.

Àfi bí ọ̀gá tó ni ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ṣe gbé òfin tuntun kalẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ni yóò padà ṣe ìdánwò ojú títì. Ẹni tí kò bá yege, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìyàwó bá Tíṣà níbi tó ti ń kí kóòtù tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ẹ káàárọ̀.

“Bàbá wọn, ẹ sọ fún wọn pé ojú yín ò dáa mọ́. Wọ́n á wá iṣẹ́ fún yín nínú ọ́fíìsì.”

“Kí èmi lọ máa lu sítáǹpù mọ́wèé?”

“Ẹni tó ń kí kóòtù ló ń yan iṣẹ́.”

Inú Tíṣà dùn nígbà tó dé ibi ìdánwò tó gbọ́ ohùn olùdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ òun àtijọ́ ni, èyí tó máa ń sunkún nídìí sítíárìn nítorí òun ń fi rúlà gbá a lọ́wọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ ò ní kọ baba.

Nísinsìnyí, létí kòtò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kí n tọ́ọ̀nù padà, ká tún un wà. Kòtò ò sí lọ́nà yìí tẹ́lẹ̀.”

“Tíṣà, kí lẹ rí níwájú yẹn? Ohun pupa yẹn.”

Ó fún ojú pọ̀. “Àmì ni. Wọ́n ní ká dúró.”

“Ìyá kan tó wọ aṣọ pupa ni. Ó pọn ọmọ, ó ń wò wá bóyá òun lè sọdá.”

Tíṣà nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

“Tí mo bá féèlì, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí ni mo fẹ́ máa jí lọ ṣe? O mọ̀ mí. Ta ni mo jẹ́ nígbà tí mo bá ń fẹsẹ̀ rìn?”

“Mo mọ̀, Tíṣà.”

“Ọwọ́ rẹ ni bíírò wà.”

Obìnrin náà fa ìwé ìdánwò yọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan bàbá náà, ó sì fi bíírò sí i lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ojú ń tì mí láti máàkì yín. Ẹ máàkì ara yín, èyí tí ẹ bá mú ni mo máa buwọ́ lù.”

Ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀san rúlà; bóyá obìnrin náà fúnra rẹ̀ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Tíṣà gbé ìwé súnmọ́ imú, ó tún nà án jìnnà. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Ohun pupa kan kọjá lára fèrèsé, ohùn obìnrin kan ní, “Ẹ ṣé o, Bàbá,” ọmọ kan sì sín.

“Ṣé ó ti sọdá?”

“Ó ti sọdá.”

Ó tú èémí jáde. “Gbé ọwọ́ mi síbi tí wọ́n kọ féèlì sí.”

Olùdánwò kò tètè ṣe é. Nígbà tó yá, ó mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sísàlẹ̀ ìwé. Tíṣà fa ìlà síbẹ̀ lágbára débi pé bíírò fẹ́ dá ìwé lu. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ yí i po, ó sì lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn.