Nígbà Tí Àbúrò Mi Di Republican

Èmi Nímọ́tà, tí mi ò lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò ní Amẹ́ríkà, tí mi ò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí, èmi ni mo yọ àbúrò mi kúrò nínú WhatsApp ẹbí wa nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Ẹ bá mi wo irú wèrè yìí.

Habeebullah ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Houston, ní Texas. Nígbà tó kọ́kọ́ di ọmọ ìlú níbẹ̀, Democrat paraku ni. Ojúlé dé ojúlé ló ń kiri láti bá wọn tọrọ ìbò. Nígbà tí ìbò tó kẹ́yìn kù díẹ̀, ó lóun ti yí padà.

"Sister mi, àwọn Democrat ò rí ti wa rò mọ́," ó wí nínú voice note. "Àwọn tó kàwé jù ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ní yard wa, gbogbo àwa drivers, Republican la wà now."

"Àwọn tí ò fẹ́ rí àlejò sójú? Ṣé o ti gbàgbé bó o ṣe débẹ̀ ni?"

"Àwọn náà ń yí padà. Party òṣìṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ dà."

Mo pè é ní alábòsí. Ó ní Peckham ní London ni mo jókòó sí tí mò ń kọ́ òun lọ́gbọ́n Texas. Ni mo bá yọ ọ́. Òun náà ò pè mí mọ́. Agídí la jọ jogún.

Mummy, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn Rye Lane, ní kí n dá a padà. "Ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ yín rí lẹ tìtorí ẹ̀ ń kọ ara yín?" Mo ní mo ti dá a padà. Irọ́ ni, mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Fóònù mi ni Mummy ń lò. Láràárọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ sínú group náà: "Habeebu, ṣé o ti jẹun?" Tí kò bá dáhùn, wọ́n á ní iṣẹ́ ló pọ̀. Mo pa irọ́ yẹn fún oṣù méjì, títí èmi fúnra mi fi gbà á gbọ́.

Àárọ̀ Wednesday ni Mummy kú, lójijì. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àlùfáà ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìsìnkú. Mo kéde ẹ̀ lórí group. Àdúrà rọ́ dé láti Ìbàdàn, láti Brixton. Habeebullah ò sọ nǹkan kan, inú sì bí mi gidi: nítorí òṣèlú, ọmọ ò lè dágbére fún ìyá ẹ̀! Kò sẹ́ni tó pè é. Kálukú gbà pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Mummy bí á ti gbọ́ ṣáájú àwọn.

A sìnkú tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, fóònù dún. Òun ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sister mi, ẹ má bínú. Honestly, mi ò mọ ibi tí àwọn Republican ń lọ mọ́, àwọn Democrat gan-an ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mi ò lè torí wọn pàdánù yín. Mo ti gba leave, mò ń bọ̀ next month. Ẹ fún mi ní Mummy."

"Habeeb, a sin Mummy lónìí."

Ó béèrè pé, "Ta ló wọ inú sàréè gba òkú wọn?"

Iṣẹ́ ọmọkùnrin olóògbé ni. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni.

"Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ni. Mi ò mọ orúkọ wọn."

Ó bú sẹ́kún. Mo di fóònù mọ́ etí, mi ò lè ní kó má sunkún, torí èmi tí mo yọ ọ́ kúrò nínú group ni mo gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.