Ike Búlúù Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Fàósátù Àyànníyì, aránṣọ ọmọ Ìṣẹ́yìn, ń gbé yàrá kan nínú ilé àwọn ayálégbé ní Ṣógúnlé. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìgúnpá àti orúnkún rẹ̀ ń bó bí ìpẹ́ ẹja.

Dókítà ti sọ orúkọ àìsàn náà fún un: soríásíìsì. Kì í ràn, kì í sì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kápá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá kọ́ ọ ní ìtọ́jú abẹ́lé tí yóò máa fi ti ìpara dókítà lẹ́yìn. Kí ó máa fi òrí pa ara nígbà tí ara bá ṣì tutù. Kí ó lọ óòtì, ọkà òyìnbó nì, kí ó kúnná, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó kán epo àgbọn sí i, kí ó sì máa fi wẹ̀.

Nítorí pé aṣọ oníbàárà ti kún yàrá rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Fàósátù ń gbé ike búlúù tí ó fi ń rẹ óòtì sí. Ibẹ̀ náà ni Ìyá Hassanat, tí ń ta ògì ní Apakun, ń gbé ike tirẹ̀ sí. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi á ti tòrò lókè, ohun funfun á sì ti silẹ̀ nísàlẹ̀.

Àfi bí ohun funfun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Fàósátù rò ó títí. Ta ni yóò jí omi ìwẹ̀? Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un débi pé ó ń fi rúlà tí ó fi ń wọn aṣọ họ ẹ̀yìn, ibi tí ó họ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ará ilé rí i. Alága Ọláyanjú, olórí àwọn ayálégbé ilé náà, pe ìpàdé.

“Ẹ̀yin ará ilé,” ni Alága wí, “ẹ̀tẹ̀ ti wọ ààrin wa. Kí Fàósátù kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí.”

“Alága, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ gbà? Dókítà ní kì í ràn.”

“Ire-Akari ni dókítà ń gbé! Àwa là ń bá ọ lo balùwẹ̀. Èmi kì í fọwọ́ kan ohunkóhun tí o bá fọwọ́ kàn. Ẹ ò rí ara mi bí ó ti ń dán? Ẹ̀kọ gbígbóná alágbọn ni mò ń mu láràárọ̀.”

“Àní sẹ́!” ni Memunat ìyàwó rẹ̀ fi tayọ̀tayọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. “Ìyá Hassanat, ẹ kú inúure o. Bàbá ní ọ̀fẹ́ lẹ ń fún àwọn.”

Ìyá Hassanat dìde fùú. “Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Èmi tí mo ń fi ògì jẹun! N kò fi àgbọn sí ògì rí láyé mi. Inú kí ni wọ́n ti ń bù ú?”

“Ike búlúù yẹn ni.”

“Ike tèmi funfun ni, Memunat.”

Alága Ọláyanjú ní kí àwọn fi àdúrà parí ìpàdé. Kò sí ẹni tí ó ṣe àmín.

Fàósátù rọra gbé rúlà rẹ̀ sílẹ̀. “Àǹtí Memunat, ṣé ó máa ń yọ̀ lẹ́nu?”

“Bí ilá! Bàbá a máa da ṣúgà sí i, a sì tún máa fi ìka nu abọ́.”

Ìgbà náà ni Fàósátù bọ́ sí ààrin àgbàlá, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí ìgúnpá rẹ̀.

“Ẹ̀yin ará ilé, bí ó bá ń ràn ni, ẹnu ẹnì kan ì bá ti bó tán. Ẹni tí ó ń jí omi ìwẹ̀ mi sè, tí ó ń da ṣúgà sí i, tí ó sì ń mu ún láràárọ̀, òun náà nìyí: Ọláyanjú, alága wa!”