Ẹ̀bi Jẹnẹrétọ̀

Ojú kọ̀ǹpútà náà ṣú, ó tàn yẹ̀rì, ó sì tún dá Àrínọlá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀: orúkọ rẹ ń kọ́? Páásíwọ́ọ̀dù rẹ ń kọ́? Ó tún un tẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò ṣì í tẹ̀. Bó bá ṣì í ni, kọ̀ǹpútà ìbá ti sọ fún un tààrà. Ó ń gbà á wọlé ni, ó sì tún ń tì í síta.

“Kò tíì gbà?” Bàbá Ọlọ́runníyì bèèrè láti ẹnu ọ̀nà. Òun ló ni ilé ìtẹ̀wé náà ní Àgídìngbì, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé àlẹ̀mọ́ ara ìgò fún àwọn tó ń po oògùn ikọ́ l'Ágége.

“Mo ṣì ń wò ó, sà.”

“Kí lo tún ń wò? Jẹnẹrétọ̀ ló bà á jẹ́. Wàsíù já iná lù ú. Kó kó ẹrù ẹ̀, kó máa lọ.”

Lóòótọ́, iná ti lọ láàárọ̀, Wàsíù ti tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà sì ti kú kó tó tún jí. Látìgbà tó ti jí ni kò ti gba Àrínọlá láyè mọ́. Wàsíù fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn Bàbá, ọ́ìlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ayé àwọn ṣọ́jà ló ti ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ náà, ìjọba alágbádá sì ti wọ ọdún kẹfà báyìí.

“Dádì, mi ò já iná lu nǹkan kan o,” ó ní. Bàbá ti yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àrínọlá kọjá sí ojú ewé dúdú tí Línọ́ọ̀sì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ní, èyí tí kò láwòrán kankan, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbọ́. Ó ní kó to àwọn fáìlì òun jáde, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àrínọlá, Àrínọlá, Àrínọlá. Àfi ẹyọ kan, fáìlì kékeré tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí kó tó lè gbé tábìlì iṣẹ́ Àrínọlá jáde sójú ẹ̀rọ. Rúùtù ni wọ́n kọ sára ìyẹn.

Rúùtù ni ọ̀gá pátápátá nínú ẹ̀rọ náà. Àwọn méjì péré ló mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, Àrínọlá àti Bàbá.

Nígbà tí Àrínọlá ń ṣètò kọ̀ǹpútà náà, orúkọ kékeré tí kò ní agbára ọ̀gá ló yẹ kó ṣí fún Bàbá, bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Báwo lèèyàn ṣe máa fún ẹni tó tó bàbá ẹni ní orúkọ ọmọṣẹ́, nínú ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀? Rúùtù ló fún un, orí ìkúnlẹ̀ ló sì wà nígbà tó ń fi hàn án. Láàárọ̀ yìí, kí iná tó lọ, Bàbá ti dé ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó bá tábìlì Àrínọlá ní ṣíṣí, ó sì fi agbára rúùtù wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni fáìlì náà ti di ti rúùtù. Jẹnẹrétọ̀ kò mọ nǹkan kan níbẹ̀.

Ìlà àṣẹ kan ló máa tún un ṣe. Àrínọlá kò tẹ̀ ẹ́. Bó bá tún un ṣe, Bàbá á bèèrè ohun tó fà á, kí ló sì máa sọ? Ẹ̀yin ni, sà? Ẹ̀rù bà á. Ojú rẹ̀ ti rí màbo kó tó ríṣẹ́ yìí. Ó tú ìdérí ẹ̀rọ náà, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó tún dé e padà. Ó ń gbọ́ ìró sípánà tí Wàsíù ń kó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ilé.

Lọ́sàn-án, Wàsíù yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ti pààrọ̀ aṣọ, báàgì wà léjìká rẹ̀.

“Àǹtí, ó dàbọ̀ o. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó bá ń bọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ yẹn máa ń jo ọ́ìlì lápá òsì.”

Àrínọlá tẹ ìlà náà. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ páásíwọ́ọ̀dù, tábìlì iṣẹ́ sì là gbàràdà pẹ̀lú àwọn ìwé àlẹ̀mọ́ oògùn ikọ́ lórí rẹ̀.

“Bọ̀dá Wàsíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Dádì! Ẹ wá, sà!”

Kí Bàbá tó wọlé tán, Àrínọlá ti kúnlẹ̀. “Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, sà. Èmi ni. Èmi ni mo fi rúùtù sí ibi tí kò yẹ. Ẹ má bínú.” Ó ń retí kí wọ́n ní kí òun náà kó ẹrù òun.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Nǹkan tí o wá ń kúnlẹ̀ sí nìyẹn? Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Dìde jàre. Ó ṣá ti gbà báyìí. Tètè tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ará Agége ń bọ̀.” Ó yíjú. “Wàsíù, gbé báàgì yẹn sílẹ̀, lọ wo jẹnẹrétọ̀.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Wàsíù kò kúrò lójú kan. Ó ń wo Àrínọlá nílẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ iye pọ́ọ́kú tí wọ́n ta ọjà kan náà fún ẹlòmíì.

“Ṣé láti àárọ̀ lẹ ti mọ̀?” ó bi í.

Kò dúró gbọ́ èsì. Wàsíù mi orí, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Àrínọlá dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. Ohun tó ń bẹ̀rù láti àárọ̀, ẹ̀rín ni. Ká ní ó ti sọ ọ́ láàárọ̀ ni, ẹ̀rín yẹn kan náà ni Bàbá ìbá rín, Wàsíù kì bá sì ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ rárá.