Ọbẹ̀ Tí Mo Sè fún Denzil

Láti àárọ̀ ni mo ti gbé ológbò mi lọ fún aládùúgbò. Mo há a sábẹ́ apá, ó ń ké, mo sì ń bá a jà ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Lọ́dún tó kọjá, òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún mi. Mo ti bu ọbẹ̀, mo ti tan àbẹ́là, mo ti pa ẹnu mọ́, ni ẹranko yìí bá fò sórí tábìlì, ó ki imú bọ inú abọ́ Denzil. Mo ní, "Kúrò níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó rántí ara mi. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ òkú, òkú rẹ̀ kò ní jókòó tì í. Ó di àmọ́dún nìyẹn.

Denzil ni ọkọ mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tó kú.

Àwa tí à ń bọ oòrùn àti ilẹ̀ ní abúlé Pengarrow kò pọ̀ mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè wá ní àjẹ́ ilé ìdáná, n kì í sì í bínú sí orúkọ náà, torí ilé ìdáná lóòótọ́ ni gbogbo agbára wa wà. A kì í fò, a kì í pa ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ọbẹ̀ là ń sè. Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti ń parí lọ, tí wọ́n ti yí aago padà sẹ́yìn, tí ilẹ̀ wá ń ṣú láago márùn-ún bí ẹni tí wọ́n ń lé, a ó gbé ìkòkò kaná lọ́jọ́ Kalan Gwav, ọjọ́ tí ìgbà òtútù ń bẹ̀rẹ̀, tí òkú ẹni lè wá bá ni jẹun. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ohun kan ṣoṣo wá láti inú ọgbà tirẹ̀. A ó máa ro ọbẹ̀ náà sọ́wọ́ ọ̀tún, bí oòrùn ṣe ń yí, a ó máa dárúkọ ohun tí a fẹ́ kó dúró tì wá. Ohun tí a bá fẹ́ kó lọ, ọwọ́ òsì la máa ń rò ó sí. Àwọn ọmọdé wa pàápàá mọ èyí.

Àwa mẹ́rin la jọ máa ń sè é tẹ́lẹ̀. Denzil a mú elégédé wá, ó sì máa ń gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Hedra, àgbà wa, a mú ọkà báálì wá, kó tó di pé ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Bristol. Morwenna ló ni àlùbọ́sà, èmi Tamsin ni mo ni kárọ́ọ̀tì. Ní báyìí, èmi ni mo ń mú gbogbo rẹ̀ wá. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè mí lẹ́jọ́? Wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì dá jẹ ọbẹ̀ ẹni mẹ́rin rí.

Mo ń fá èèpo elégédé lọ́wọ́ nígbà tí Jago tó ń gbé mílíìkì kiri yọ lójú fèrèsé. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá àjẹ́. Ta lẹ fẹ́ sè lónìí?"

"Ìwọ ni, tó o bá pẹ́ níbẹ̀. O kúkú sanra tó."

"Ẹran mi á le jù fún yín. Eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín?" Ó gbé ìgò mílíìkì méjì sórí fèrèsé, kò sì lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń rìn ín. "Ẹ ti gbọ́ ti Màmá Morwenna?"

"Mi ò bi ẹ́."

"Wọ́n ti ta ilé wọn. Lọ́jọ́bọ̀ ni ọmọ wọn ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí Plymouth. Wọn ò ní padà wá mọ́ o."

"Kó lọ ire."

"Ẹ̀yin méjèèjì náà. Ṣé ẹ rò pé ẹ tún lè rí ẹlòmíì tó máa mọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kú?"

"Jago, ó ti tó. Àwọn èèyàn ń dúró de mílíìkì."

Ó mi orí, ó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gé àlùbọ́sà. Omi ń bọ́ lójú mi, n kò sì ní purọ́ kí n ní àlùbọ́sà nìkan ló fà á. Ọjọ́ Ajé lọjọ́ yẹn. Mo ka ọjọ́ tó kù sí Ọjọ́bọ̀ lọ́kàn mi, inú sì bí mi pé mo kà á.

Ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti Morwenna fi ń wọlé ara wa láìkan ilẹ̀kùn. Ọbẹ̀ ló tú wa ká. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ní ọjọ́ Kalan Gwav bí irú èyí, Denzil ti ń ṣàìsàn gan-an. Eruku amọ̀ funfun tó fi ogójì ọdún wà jáde nílẹ̀ ló ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bó bá mí, a ó máa gbọ́ ọ láti ìta. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fi ń ro ọbẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Apá fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi. Denzil, dúró. Denzil, dúró. Ohun tí mo ń wí nìyẹn títí ohùn mi fi há. Mo wá jáde sínú ọgbà lọ já ewé rósímárì. Nígbà tí mo wọlé, Morwenna ló wà nídìí ìkòkò. Ṣíbí igi mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ro ọbẹ̀ náà sọ́wọ́ òsì. Denzil jókòó sí tábìlì, ó ń wò ó.

Mo já ṣíbí náà gbà. Mo rò ó padà títí àlùbọ́sà fi yọ́. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn náà ni Denzil kú.

Níbi ìsìnkú ni mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Ìwọ lo ro ọkọ mi jáde nílé." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Morwenna kò dá mi lóhùn. Mo rò pé torí ó jẹ̀bi ni kò ṣe fọhùn, ọkàn mi sì balẹ̀, torí ó sàn kí èèyàn rí ẹni dá lẹ́bi ju kó máa wo òfuurufú lọ. Láti ìgbà náà, bó bá ń bọ̀ lápá ibí, èmi a gba apá ọ̀hún. Ó kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi dáná.

Nítorí náà, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń mú ọbẹ̀ yìí lọ́kùn-únkúndùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé: kí Denzil wá jókòó kan mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rí i lójú. Hedra ti sọ fún wa pé wọn kì í farahàn. Ó ní bí òkú ẹni bá dé, ara ẹni a móoru, ẹni náà a sì mọ̀ pé òun kò dá nìkan wà. Ìyẹn tó mi. Ó ti pé ọdún méjì tí ara mi ti móoru gbẹ̀yìn.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ọbẹ̀ jinná. Mo pa iná mànàmáná, mo tan àbẹ́là kan. Àga méjì péré ló kù nínú ilé ìdáná mi, mo ti gbé ìyókù sínú yàrá kí n má bàa máa wò wọ́n. Mo bu ọbẹ̀ Denzil síwájú àga rẹ̀, mo gé búrẹ́dì tì í, èyí tó jó díẹ̀ létí bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo yọ ìkọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó lè rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo bu tèmi, mo jókòó. Láti ìgbà náà títí àbẹ́là yóò fi jó tán, n kò gbọ́dọ̀ fọhùn.

Ilẹ̀ ṣú. Afẹ́fẹ́ ń ti ewé gbígbẹ káàkiri nínú ọgbà. Mo ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Òtútù ń mú mi.

Ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀. N kò bojú wẹ̀yìn, mo kàn di etí tábìlì mú. Mo fẹ́ràn Denzil nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lérò pé n ó kú síbẹ̀.

"Èmi ni o," Morwenna ní.

Ẹ wò ó, díẹ̀ ló kù kí n fi abọ́ ọbẹ̀ náà sọ ọ́ lórí. Mo yíjú, mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Kò lọ. Ó ti rù sí i, irun rẹ̀ ti funfun tán, ó sì wọ kóòtù kan tí èmi gan-an ni mo bá a rán bọ́tìnnì rẹ̀.

"Má na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn fún mi," ó ní. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ wá lásìkò yìí ni. Ọdún méjì ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa bá ẹ sọ̀rọ̀, o ò jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan rí. Lónìí, o ò lè bú mi. Wàá jókòó, wàá gbọ́."

Mo fi ojú bú u. Ojú mi mọ èébú gan-an.

"Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe máa ń ṣe ojú," ó ní. "Ó yá, máa wò mí. Lọ́jọ́bọ̀ mo ń lọ, mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Plymouth. Mo ti ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ ọ́, kó foríjì mí." Ó wo abọ́ Denzil nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń tọrọ àyè. "Tamsin, òun ló ní kí n rò ó sósì."

Mo mi orí pé rárá.

"Òun ni. Bó o ṣe jáde lọ já ewé báyìí, ó fà mí lápò. Ó ní, 'Morwenna, bá mi dá ọbẹ̀ yẹn padà. Ó ti rẹ̀ mí.' Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, 'Mo fẹ́ sùn, obìnrin yìí ò jẹ́ kí n sùn. Bó ṣe ń rò ó yẹn, ńṣe ló ń fà mí.' Ó ń sunkún, Tamsin. Ṣé o rí Denzil kó máa sunkún rí? Kí ni ǹ bá ṣe?"

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i: mo rí bí Denzil ṣe jókòó sí tábìlì, tó ń wo ọwọ́ Morwenna. Mo ti máa ń rò pé ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ojú ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ ni.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn," Morwenna ní. "Mi ò ní kó o dárí jì mí. Máa jẹun rẹ." Ó fa kóòtù rẹ̀ pọ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Àbẹ́là kù bí ìka kan. Bí mo bá dákẹ́, Denzil ṣì lè wá. Bí mo bá dákẹ́, Morwenna yóò lọ, yóò sì gbà pé bí mo ṣe kórìíra òun lánàá náà ni mo kórìíra òun lónìí. Mo wo àga tó ṣófo. Mo wo ẹ̀yìn kóòtù yẹn.

"Kí ló dé tí kò sọ fún èmi?" mo ní.

Mo mọ ohun tí mo ti ṣe. Ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n gbé Denzil sínú ilẹ̀.

Morwenna dúró. Ó yíjú, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Ó ní bí òun bá sọ fún ẹ, wàá bẹ òun. Ó ní òun ò tíì kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ rí láti ọjọ́ tóun ti mọ̀ ẹ́, àti pé èémí tó kù fún òun ò tó èyí tóun á fi gba ẹ̀bẹ̀ mìíràn."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Irọ́ kọ́. Ǹ bá bẹ̀ ẹ́. Ǹ bá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ òkúta tútù yìí, ìbá sì dúró, ìbá máa fa èémí bí ẹni ń fa igi nínú ẹrẹ̀, torí pé mo ní kó dúró. Ó mọ̀ mí. Ọdún méjì ni mo fi ń ráhùn pé mo dá nìkan wà nínú ilé yìí. Inú ilé yìí kan náà ni òun ti dá nìkan wà ṣáájú mi, lórí àga yẹn, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ mi.

"Jókòó," mo ní.

"Níbo? Àga rẹ̀ nìyẹn."

"Jókòó, Morwenna. Kò ní wá mọ́."

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá abọ́ náà mú, bóyá torí òtútù. Ọbẹ̀ náà ti dì lójú.

"Ọjọ́bọ̀ ni?" mo bi í.

"Ọjọ́bọ̀," ó ní. "Láago mẹ́sàn-án àárọ̀."