Abẹ́rẹ́ Ogún Ìṣẹ́jú

Dókítà Qiu ká ẹ̀wù Bao Suqin sókè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pe nọ́ọ̀sì kó wá wò ó. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá Peiyao," ni dókítà wí, "nígbà tí ẹ wá lọ́jọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, wákàtí mélòó ni mo ní kí àlẹ̀mọ́ oògùn náà lò lẹ́yìn yín?"

"Mẹ́rin."

"Mélòó lẹ jẹ́ kó lò?"

Suqin ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sọnù. Zhu Hanmin, ọkọ rẹ̀, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, tó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, ló bá a dáhùn.

"Ó gbé e sùn ni. Ilẹ̀ mọ́ bá a lẹ́yìn rẹ̀."

"Bàbá Peiyao, ta ló bi yín?"

"Ẹ̀yìn ẹ ló bi mí. Ṣé èmi kọ́ ni mò ń fi òróró pa á láràárọ̀ ni?"

Àwọn tó tò sí òdìkejì kọ́tìnì bú sẹ́rìn-ín.

Ní ìlú Shaoxing níbí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àìsàn ìgbà òtútù, ìgbà ooru la ti ń wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà lórí kàlẹ́ńdà, láàárín ìgbà tí ooru bá mú jù lọ́dún, tí gbogbo ẹni tí ikọ́ ń bá jà máa ń tò sílé ìwòsàn láti ìdájí kí wọ́n lè lẹ oògùn mọ́ wọn lẹ́yìn. Atalẹ̀ àti hóró músítádì tí wọ́n lọ̀ pọ̀ ni oògùn náà. Ó máa ń ta ni, ó sì máa ń gbóná wọra. Tó bá di wákàtí mẹ́rin, kí wọ́n ṣí i kúrò. Ẹ má mu omi dídì lọ́jọ́ náà, ẹ má sì fẹnu kan bàrà olómi tó tutù. Gbogbo òfin yìí ni Suqin ń pa mọ́. Wákàtí mẹ́rin yẹn nìkan ni kò yé e. Bí mẹ́rin bá dáa, kí ló dé tí mẹ́jọ kò fi ní dáa jù ú lọ?

Ẹ má bú u. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì. Kódà bí èrò bá kún dé ẹnu ilẹ̀kùn, òun á ṣì máa kígbe pé, "Ẹ wọnú lọ, àyè ṣì wà!" Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n igbe yẹn kò tíì fẹ̀yìn tì.

"Ó ti léròrò, awọ rẹ̀ kò sì tíì jinná," ni Dókítà Qiu wí. "Mi ò lè lẹ ìkẹta mọ́ ọn. Ó di àmọ́dún."

Suqin kò lè dúró dàmọ́dún. Peiyao, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Harbin, lókè àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí odò ti máa ń di òkúta nígbà òtútù. Oṣù kejìlá ni yóò bímọ. Ìyá tó bí obìnrin ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní odidi oṣù àkọ́kọ́, kó máa se ọbẹ̀ adìẹ fún un, kó má jẹ́ kó fọwọ́ kan omi tútù. Ṣùgbọ́n Peiyao ti wí lórí fóònù pé, "Màmá, àyà yín ò lè gba òtútù ibí. Ìyá ọkọ mi á tọ́jú mi." Ọ̀rọ̀ náà dun Suqin dé egungun. Ọjọ́ yẹn ló ti pinnu pé ikọ́ yìí gbọ́dọ̀ lọ.

"Dókítà, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Ẹ̀yìn mi fẹ̀. Àyè ṣì wà."

"Ẹ̀yìn yín kì í ṣe bọ́ọ̀sì, Màmá. Àṣejù, baba àṣetẹ́." Dókítà fa ẹ̀wù náà wálẹ̀ jẹ́jẹ́. "Abẹ́rẹ́ ló kù, èyí tín-ín-rín tí kò ní oògùn nínú. Ìyẹn ò ní kan egbò yín."

Gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ ìtàn Suqin àti abẹ́rẹ́. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, inú yàrá yìí kan náà ló ti sá jáde, tí abẹ́rẹ́ kan ṣì nàró lápá rẹ̀. Ó sáré dé etí odò kí wọ́n tó rí i mú.

"Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn o," ni Hanmin wí. "Orúnkún mi ò gba eré mọ́."

Suqin kọjú sí dókítà. "Dókítà, ṣé á jẹ́ kí n lè lọ sí Harbin?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn. Mo ti rí àwọn tó ràn lọ́wọ́, mo sì ti rí àwọn tí kò ràn. Oògùn tí ẹ ń fà sẹ́nu, tí wọ́n fún yín ní ọsibítù ńlá, ẹ ò gbọdọ̀ tìtorí tèmi fi í sílẹ̀."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Suqin gun ibùsùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ nítorí egbò ẹ̀yìn, ó di ojú rẹ̀ mọ́rí.

"Ẹ sọ fún mi tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Mo ti ṣe tán. Méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́, méjì nísàlẹ̀ orúnkún. Ṣé ó ń wúwo?"

Lóòótọ́ ló ń wúwo, bí ìgbà tí ọwọ́ bá fẹ́ kú. Kò dùn ún. Ojú ti Suqin díẹ̀ nítorí eré ọjọ́sí.

"Ogún ìṣẹ́jú," ni dókítà wí. "Ẹ má mira. Ẹ má ṣe nǹkan kan rárá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Suqin, kò sẹ́ni tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kò tíì pé tí fóònù fi dún. Peiyao ni. Hanmin gbé e sí ìyàwó rẹ̀ létí.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ ò tíì pè mí láti àárọ̀."

Ìpè mẹ́ta ló yẹ kó ti wọlé ní irú àsìkò yìí. Suqin lanu kó béèrè ohun tí ọmọ jẹ, bóyá ó wọ ìbọ̀sẹ̀, bóyá ó ti gbé aṣọ ìbora kẹta tí òun fi ránṣẹ́ sórí ibùsùn. Bó ṣe fẹ́ fọwọ́ sọ̀rọ̀ ni abẹ́rẹ́ fà á lọ́rùn ọwọ́. Ó tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Mo wà níbí," ló wí. "Mò ń gbọ́ ẹ."

"Ẹ ò ní bi mí ohun tí mo jẹ?"

"Jẹ ohun tó bá wù ẹ́."

Hanmin dá abẹ̀bẹ̀ dúró, ó tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀.

Peiyao rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ìyá òun kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ inú òun ń tàpá bí agbábọ́ọ̀lù. Ó ní òun kò lè gba òórùn ẹ̀fọ́ gbígbẹ tí màmá fi ránṣẹ́, òun ti kó gbogbo rẹ̀ fún aládùúgbò, kí wọ́n má bínú. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀rù ìrọbí ń bà mí, Màmá. Mi ò rí oorun sùn lóru."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ìgbà wo ni mo rí àyè?"

Suqin ń wo kọ́tìnì. Oṣù mẹ́ta ló ti ń bá ikọ́ jà, láìmọ̀ pé ikọ́ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ọmọ ń mí ní Harbin, ó ń gbọ́ mímí rẹ̀ kedere létí, ó sì ń gbọ́ tirẹ̀ náà, jẹ́jẹ́, tí àyà rẹ̀ kò súfèé bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà."

"Bí àyà yín bá lè gbà á, ẹ wá. Ìyá ọkọ mi á máa dáná. Kí ẹ̀yin ṣáà jókòó tì mí báyìí."

Àwọn ọ̀rọ̀ kan ti dé Suqin lẹ́nu: pé òun á gbé adìẹ mẹ́fà dání, pé òun á wá ní oṣù kan ṣáájú. Ó gbé wọn mì.

"Mo gbọ́," ló wí.

Lẹ́yìn tí ìpè náà parí, obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ nọ́ọ̀sì pé kó bá òun fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ti òun, pé ara òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á ni. Suqin yíjú sí aago ara ògiri.

"Dókítà," ló pè, "ogún ìṣẹ́jú ti pé. Ẹ wá yọ wọ́n."